Giramafóònù Tí Màmá Fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi ń sọ fún ara mi pé Màmá ló ba giramafóònù náà jẹ́.

Ọdún 1986 ni, ní Eccles, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti ọkọ mi, Àlàbá, ń gbé yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Fúnmi. Màmá, ìyá ọkọ mi, wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa tọ́jú ọmọ. Apòògùn ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ ló ń dùn mọ́ ọn nínú jù. Ní Rochdale, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ìyá àgbà kan tó ti kú síta, ló ti ra giramafóònù náà ní pọ́n-ùn mẹ́wàá: àpótí igi tó ti dúdú, àti ìwo ńlá tó là bí òdòdó, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fọwọ́ fa ìlà wúrà sí lára. Ọ̀dà ìwo náà ti ń ṣí. Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ tà á ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ló wà lára rẹ̀. Ká sòótọ́, kò dùn ún wò.

Ọkọ mi tú inú rẹ̀, ó fi sípíríìngì mìíràn rọ́pò èyí tó kán, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ọ̀gbẹ́ni Charles, òyìnbó kan ní Dobcross tó ń kó irú rẹ̀ jọ, ti rí fọ́tò rẹ̀, ó ní òun máa san ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn tí òun bá bá a bó ṣe wà nínú fọ́tò.

Ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn! Ohun tó kù tí a fi máa san owó àkọ́san ilé nìyẹn, ilé oníyàrá mẹ́ta tó ní ọgbà lẹ́yìn. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì Fúnmi máa wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí ọkọ mi ṣe ń wọ kóòtù, ó ní, "Wùmí, Charles ń bọ̀ lọ́la. Jọ̀ọ́, má polish ẹ o. Kódà eruku, má nù ún. Bá mi sọ fún Màmá."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọkọ gbé rí, ẹnu wo ni ìyàwó fi ń sọ fún ìyá ọkọ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan nínú ilé ọmọ rẹ̀? Obìnrin tó ń jí ní aago márùn-ún láti fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, tó ń fi àtàǹpàkò tí àpá ọ̀bẹ wà lára rẹ̀ yẹn ra orí ọmọ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́? Mo dán gbólóhùn náà wò lábẹ́ ahọ́n: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Àrífín gbáà ló dún létí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí ọkọ mi sọ ọ́ fúnra rẹ̀ tó bá dé; ìyá rẹ̀ kúkú ni. Mo gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì.

Nígbà tí mo padà, òórùn fáníìṣì ló pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ká apá bùbá sókè, giramafóònù wà níwájú wọn, ó ń dán yinrin. Wọ́n ti fi kànìnkànìn onírin ha gbogbo ọ̀dà ara ìwo kúrò, irin lásán ló kù. Wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣí bébà náà. Wọ́n fi ọṣẹ fọ àpótí, wọ́n wá wá fáníìṣì tí onílé fi kun ilẹ̀kùn rí lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n fi kùn ún.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀," ni wọ́n wí, inú wọn ń dùn. "Mo gbọ́ pé òyìnbó ń bọ̀ wá wo nǹkan yìí lọ́la. Mo ní kí wọ́n má bàa pè ọ́ ní ọ̀bùn. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, báwo lo ṣe máa ráyè?"

Mo gbé ọmọ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó wo giramafóònù, ó wò mí. Mo wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kú làálàá."

Lọ́jọ́ kejì, Charles dé pẹ̀lú kéèkì nínú páálí. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yí ẹ̀rọ náà po. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí ìyìn.

"Ẹ̀rọ inú, ẹ lè tún un ṣe bó ṣe wù yín," ni Charles wí fún ọkọ mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ara rẹ̀, tó bá ti kúrò, ó lọ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni ẹnikẹ́ni máa san báyìí. Ẹ má bínú."

"Kí ló wí?" Màmá bèèrè.

"Ó ní ọwọ́ yín mọ́, Màmá," ọkọ mi dáhùn.

Charles mu tíì, ó kí Màmá dáadáa, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Màmá wò ó lójú fèrèsé títí ó fi lọ.

"Tó bá wù ú, kí ló dé tí kò gbé e?"

Ọkọ mi wá ṣàlàyé fún wọn.

"Ìdọ̀tí ni wọ́n ń rà?"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, Màmá. Ojú ọwọ́ àwọn tó ti lò ó ni."

Wọ́n kọjú sí mi. "Wùmí, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O ò sì lẹ́nu?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, mà."

"Ṣé ìyá rẹ ni mí ni, àbí ọlọ́pàá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò nu nǹkan kan nílé wa láìkọ́kọ́ bèèrè. Títí dé orí àwo ọbẹ̀: "Wùmí, ṣé kí n fọ èyí?" Ìyẹn dùn mí ju ilé tó bọ́ lọ́wọ́ wa lọ.

A ra ilé mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Giramafóònù tẹ̀ lé wa. Màmá kú ní 1994.

Ní 1996, Charles tó ti darúgbó rán Philip sí wa, ọmọkùnrin kan tó mọ àtúnṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Philip ní òun lè bó fáníìṣì náà, kí òun kun ìwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní tó ojúlówó, ṣùgbọ́n yóò tó ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn. Òrùlé wa sì ń jò nígbà náà. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé.

Philip tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àpótí. "Ẹ wo iṣẹ́ gbàrọgùdù. Irun búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kùn ún tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú àtàǹpàkò ni, ó hàn kedere, àpá ọ̀bẹ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń nu eruku ara àpótí yẹn, mi ò rí i rí. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Omi bọ́ lójú mi.

"Ṣé kí n máa gbé e lọ?" Philip bèèrè, ó ti na ọwọ́ sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."