Ibi Tí Ọkọ̀ Yìnyín Ti Ń Yí Padà

Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì ní ìlú wa, Pell Grove, ní ìwà kan tó ti ń rú mi lójú tipẹ́tipẹ́. Á wọ òpópónà Tamarack láti òkè, á máa fi irin gbàgàdà iwájú rẹ̀ ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọjá ilé mi, á kọjá ilé tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi àpótí lẹ́tà Dorothea Wendling, á gbé irin náà sókè, á yí padà, ó di ilé. Kò sí kòtò níbẹ̀. Kò sí ògiri. Títì ṣì lọ síwájú gbọọrọ, ilé mẹ́rìnlá ṣì wà lọ́hùn-ún tí yìnyín dí ẹnu ọ̀nà wọn. Tó bá wá di ọ̀sán, ọkọ̀ mìíràn tó pọ́n bí ọsàn á ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, á gbá iwájú ilé àwọn yẹn, òun náà á sì yí padà níbi àpótí lẹ́tà kan náà.

Leland, ọkọ Dorothea, máa ń wà níbi fèrèsé ńlá pálọ̀ wọn, á máa wo ọkọ̀ méjèèjì, á máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ajá àwọn ló ń ba awakọ̀ lẹ́rù. Ajá kú, ọkọ̀ kò yíwà padà. Leland náà lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò sì mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà títí tó fi lọ.

Èmi Verna, ìdí ọ̀rọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi wá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìkàwé ìlú yìí, tí àwọn èèyàn ń bi mí ní ohun tí wọn kò mọ̀, tí mo ń bá wọn wá a. Síbẹ̀, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìnyín, àfi ìgbà tí Dorothea ní òun fẹ́ díje fún ipò mẹ́yọ̀, olórí ìlú wa.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Dorothea ti ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Ajíṣáájú-oòrùn ni. Ó mọ ọmọ tó gbàgbé ìbọ̀wọ́ sílé, ó mọ èyí tí kò fẹnu kan nǹkan kó tó jáde. Awakọ̀-bí-ẹni-gbé-ẹyin, obìnrin tí kì í fọn fèrè láìnídìí. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e dìde: Hobart Road, títì ńlá tó wà lókè òpópónà wa. Kò sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀, etí títì gan-an làwọn ọmọ tí ilé wọn wà nítòsí ń rìn. Níjọ́ kan, nígbà tí ewé ń rẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹrù kan já báàgì gbà lẹ́yìn ọmọdébìnrin kan. Àánú Olúwa ni kò jẹ́ kó kan ara ọmọ náà. Inú dígí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni Dorothea ti rí i. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Haskett, mẹ́yọ̀ wa. Haskett fèsì ẹyọ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mọ ọkọ̀ wà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Haskett ti wà lórí àga, kò sì sẹ́ni tó bá a dù ú rí. Tí ìwé ìdíje Dorothea kò bá dé ọ́fíìsì ètò ìdìbò kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ọdún mẹ́rin mìíràn ti di ti Haskett nìyẹn, Hobart Road á sì wà bó ṣe wà.

Àwa mọ́kànlá la kó ara wa jọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wa jẹ́ ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ilé ìdáná Dorothea la fi ṣe ọ́fíìsì. Kì í ṣe pálọ̀, torí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà ní pálọ̀. Nígbà tí Leland ń ṣàìsàn ni wọ́n gbé e síbẹ̀, kó lè máa rí títì. Orí rẹ̀ ló kú sí. Láti ọdún méjì yìí, Dorothea kò gbé e kúrò, orí rẹ̀ lòun náà ń sùn, a kò sì bá a sọ ọ́. A gbàdúrà, a jẹ búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀, a pín òpópónà láàárín ara wa. Àádọ́ta ará Pell Grove ni òfin ní kó buwọ́ lùwé fún un. Òtútù máa ń mú kí yíǹkì dì, inú ìbọ̀wọ́ la ń kó bírò sí kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kan ilẹ̀kùn Bàbá Ostrander, ilé tó gbẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ Tamarack.

"Verna! Mo rò pé àwọn oníwàásù ni," ó ní. "Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá pamọ́ sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ buwọ́ lù ú kí òtútù má pa mí."

"Fún ta ni? Dorothea? Dorothea tó fi ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì lọ́dún náà lọ́hùn-ún torí pé ó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ọmọ yín sì ti di dókítà eyín báyìí, kì í pẹ́ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó gba bírò. Bó ṣe ń buwọ́ lù ú, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kí èèyàn rí nǹkan yàn. Gbogbo ọdún tí Haskett fi jẹ mẹ́yọ̀ yìí, n kò rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní bóyá torí pé òun nìkan ló ń díje ni wọn kì í ṣe wàhálà àtitẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo kí i, mo ń lọ. Ìgbà tí mo dé iwájú ilé kẹta ni ẹsẹ̀ mi dúró. Èmi ń rí orúkọ Haskett. Ní gbogbo ọdún ìbò ni mo ń rí i, òun nìkan gbọnrangandan, tí n kò fi àmì sí i. Ọ̀nà kan náà lèmi àti Bàbá Ostrander ń gbà lọ sọ́jà, ẹnì kan náà ló ń pín lẹ́tà fún wa, Pell Grove ni wọ́n ń kọ sí ara ìwé àwa méjèèjì. Kí ló dé tí ìwé ìdìbò wa kò fi bára mu?

Mo wo òkè òpópónà. Ọkọ̀ yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi àpótí lẹ́tà Dorothea. Ó gbé irin rẹ̀ sókè, ó yí padà.

N kò lọ sílé. Mo kó ìwé ìbuwọ́lù tá a ní jọ, orúkọ mọ́kànléláàádọ́rin, mo wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdìbò. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Quiroz ló jókòó síbẹ̀, ó ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà nínú ife.

"Ẹ wá lásìkò, mà," ó ní. "Àwọn mìíràn máa ń sáré wọlé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan, bàtà á ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn."

"Ìbéèrè ni mo mú wá. Bá mi wo òpópónà Tamarack."

Ó tẹ́ máàpù. Ó fi ìka tọ ìlà pupa kan, ó mí kanlẹ̀. "Háà. Mà, láti ibí yìí lọ sísàlẹ̀, abẹ́ Millard, ìlú tó múlé tì yín, ni wọ́n wà. Kì í ṣe Pell Grove."

"Pell Grove ló wà lára lẹ́tà wọn!"

"Àwọn tó ń pín lẹ́tà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ní ìlà tiwọn, ìjọba ìlú ní tirẹ̀. Ọgbà àgbẹ̀ kan ló dé ibẹ̀ yẹn láyé àtijọ́, ìlú sì dúró níbi tí ọgbà rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é. Kò sí ọdún ìbò tí ẹnì kan kì í lọ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe ti ìlú rẹ̀."

Ó fa ìlà lé orúkọ ilé mẹ́rìnlá, orúkọ kan láti ilé kọ̀ọ̀kan, Bàbá Ostrander ló gbẹ̀yìn. Ó ku mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo ní, "Olúwa, o ṣeun." Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Mo ti ń wé ìborùn mi mọ́rùn.

"Ẹ dúró ná, mà. Ta ló ni ilé yìí?"

Ìka rẹ̀ wà lórí ilé kan tí ìlà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Òun ló ń díje," ni mo sọ.

Ó wo ilé náà, ó wò mí. "Apá òkè, Pell Grove ni. Apá ìsàlẹ̀, Millard ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ibi tí èèyàn ń sùn la fi ń mọ ibi tó ń gbé, ẹni tó ń gbé ní Pell Grove nìkan ló sì lè díje níbí. Kí ló wà ní apá òkè?"

"Ilé ìdáná. Àti yàrá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà ní Pell Grove. Ó ń sùn nínú yàrá rẹ̀, àbí?"

Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè, n kò gbé ìdáhùn mì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Màá bi í."

Quiroz mú fọ́ọ̀mù kan fún mi. "Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, kó búra sí i, kó mú un wá pẹ̀lú àwọn ìwé tó kù ní ọjọ́rú. Ẹnikẹ́ni kò ní wá yẹ bẹ́ẹ̀dì wò, mà. Ohun tó bá kọ la máa gbà."

Dorothea ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ náà. Mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń lẹ páálí orúkọ rẹ̀ mọ́ igi tá a ó rì sínú àgbàlá àwọn èèyàn. Mo sọ ti ọkọ̀ yìnyín fún un ṣáájú. Ó ju gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ di tábìlì mú.

"Ọgbà àgbẹ̀! Leland! O gbọ́ bí? Kì í ṣe ajá o!" Pálọ̀ ló kọjú sí tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó nu ojú. "Ì bá ti yọ̀ tó."

Mo wá fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Pálọ̀ wà ní Millard," ó ní.

"Pálọ̀ wà ní Millard."

A jókòó. Èṣù rọra wí sí mi létí, mo sì jẹ́ kó gba ẹnu mi sọ̀rọ̀: "Dorothea, yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ rẹ wà nínú rẹ̀. Kọ ọ́ pé ibẹ̀ lò ń sùn. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́?" Kò bínú. "Verna, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́ fún mi pé àwọn ti jókòó nígbà tí wọ́n wà lórí ìdúró. Kí n wá lọ búra èké sórí ìwé?"

"Jẹ́ ká gbé bẹ́ẹ̀dì nígbà náà."

Dorothea dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Kúbùsù Leland, aláwọ̀ ewé, ṣì wà ní kíká níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí méjì ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ojú ibi tí orí ti tẹ̀ ẹ́.

"Ibi tí Leland wà kẹ́yìn nìyí," ó ní. "Tí mo bá gbé bẹ́ẹ̀dì yìí, Verna, ó ti lọ nìyẹn. Kí ẹlòmíràn díje."

"Ta ni?"

"O ń béèrè ìbéèrè jù."

"Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ni. Ta ni?"

Ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ó lé ní ọdún méjì tí n kò tíì rí i kó ṣí i tí mo wà níbẹ̀. Òtútù jáde sí wa. Wọ́dúróòbù wà níbẹ̀, àwọn páálí wà níbẹ̀, ojú ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀ ṣì tẹ̀ sínú kápẹ́ẹ̀tì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dorothea lọ fa kọ́tìnnì.

N kò mọ̀ pé èèyàn ń rí Hobart Road láti ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Yìnyín tí wọ́n gbá jọ ti ga bí òkè lẹ́bàá títì, ó ti gba ìwọ̀nba etí ọ̀nà tí wọ́n ń rìn tẹ́lẹ̀, inú títì gan-an làwọn ọmọ wà, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Ọmọ márùn-ún. Èyí tó gbẹ̀yìn gbé báàgì kọ́ àyà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀, ó dẹwọ́ eré, ó yà fún wọn. Èkejì kò dẹwọ́. Mo rí i tí ọwọ́ Dorothea ń wá fèrè bọ́ọ̀sì lójú afẹ́fẹ́.

Ó dúró títí ọmọ márààrún fi kọjá. Ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà, èmi náà sì tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ó padà sí pálọ̀. Ó gbé kúbùsù aláwọ̀ ewé náà, ó fi kọ́ èjìká. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí bẹ́ẹ̀dì mú, ó wò mí.

"Verna," ó ní, "bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀."