Àwo Tí Chipego Dà Nù

"Chipego, eruku ló kó sínú àwo rẹ." Dókítà Hamoonga ti àwo kékeré náà padà sí i lórí tábìlì yàrá àyẹ̀wò. "Àbí obìnrin tó mọ́tótó jù nílé ìwòsàn yìí ti ń darúgbó ni?"

Chipego ò rẹ́rìn-ín. Ohun aláwọ̀ ewé kan ti hù sínú àwo náà, ó rí múlọ́múlọ́ bí ara búrẹ́dì tó ti bu. Inú omi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà léegun ẹ̀yìn Bina Beenzu ló ti hù. Oṣù mẹ́rin ni ìyá yìí, tó ń ta chibwantu, ohun mímu àgbàdo, lẹ́nu géètì wọn, ti ń lo oògùn ikọ́ ife, torí gbogbo wọn gbà pé ikọ́ ife ló wọ̀ ọ́ léegun. Ní báyìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò gbé e mọ́, ọ̀tún náà sì ti ń kú lọ.

"Dókítà, tó bá jẹ́ irú olú tíntìntín yìí ló ń jẹ eegun yẹn ńkọ́?"

"Mo ti rò ó. Àmọ́ oògùn olú máa ń ba kíndìnrín jẹ́, Lusaka la sì ti máa tọrọ ẹ̀. Mi ò lè tìtorí àwo kan ṣoṣo fún un lóògùn yẹn. Ká ní ó ti hù nínú àwo omi tá a kọ́kọ́ fà ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé kò sóhun tó hù. A óò tún fa omi míì lọ́jọ́ Ajé, ká máa wò ó."

Chipego nìkan ló mọ òótọ́. Ó hù. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ohun kan náà ló rí nínú àwo àkọ́kọ́, òun náà sì pè é ní eruku. Ọjọ́ kejì ni àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò fẹ́ dé láti Lusaka, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ìdọ̀tí lọ́wọ́ òun, òun tí wọ́n fi ìwé ìyìn kọ́ sára ògiri fún. Ló bá da àwo nù, ó kọ irọ́ sílẹ̀. Orúkọ rere ló ń wá, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló fi san án. Ìyá náà ló tilẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó gbọ́ pé kò sóhun tó hù: "Má bínú, ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ti dà yín láàmú lásán." Ó fún un ní chibwantu tútù. Chipego gbà á, ó mu ún tán.

"Dókítà, ó hù."

"Kí ló hù?"

"Nínú ti àkọ́kọ́. Ohun kan náà ni. Mo dà á nù, mo sì purọ́, torí àwọn ará Lusaka ń bọ̀."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ojú ti Chipego débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Dókítà sọ nígbẹ̀yìn. "Kọ ọjọ́ tó hù, kọ orúkọ rẹ sí i." Ó ti ń pe Lusaka fún oògùn náà. "Ta ni yóò sọ fún ìyá yẹn?"

"Èmi ni."

Bí Bina Beenzu ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ méjèèjì wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Chipego lè ráyè jókòó. "Wọ́n ní ẹ̀yìn mi tún ń yọ yín lẹ́nu. Má bínú, ọmọ mi."

Chipego ò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín."