Ìpín Denzil Nínú Oko Ọkà Bálì

Una Trevorrow ń gé míìtì-páì sí mẹ́rin nígbà tí obìnrin tó wá láti ìlú Adelaide béèrè ìwé ìpín ẹbí wọn. Kò fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Èyí tó tóbi jù ló gbé síwájú àlejò.

"Jẹun ná. Ẹni tí ebi ń pa kì í ṣírò dáadáa. Àwọn olówó rẹ á dúró dè ọ́."

"Àwọn tí Denzil jẹ lówó ni, mà, kì í ṣe olówó mi," ni Arábìnrin Voigt dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó ohunkóhun tó bá jẹ́ ti Denzil jọ fún wọn."

"Ṣé èmi náà wà lára rẹ̀? Ìyá rẹ̀ ni mí o."

"Ẹ̀yin ò ṣeé tà, mà."

Denzil tó jókòó sẹ́bàá ààrò kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà ló fi owó yíyá rà; mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ, gbèsè ló kù. Oko náà ṣì wà, ṣùgbọ́n oko kì í ṣe tirẹ̀. Garth bàbá rẹ̀ ti fi síkàáwọ́ Una kó tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn: kó máa bójú tó o fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí òun náà ti ń ṣe, kó sì máa fún èyí tó bá wù ú, ní iye tó bá wù ú. Bí ọwọ́ olówó bá wọ ibẹ̀, ilẹ̀ etí òkun ni wọn yóò tà, èyí tí ọkà bálì ti ń ṣe dáadáa jù. Síbẹ̀, Una fẹ́ mọ bí òfin gbèsè náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń tú ẹ́ńjìnnì katakata nítorí kó lè rí inú rẹ̀ ni.

"Sọ fún mi," ó ní. "Bí mo bá se ọbẹ̀ tí gbogbo ọmọ mi lè jẹ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ èmi ni mò ń bù ú, ṣé ẹni tí Denzil jẹ lówó lè ki ọwọ́ bọ ìkòkò mi?"

"Rárá o. Denzil ò tíì ní nǹkan kan níbẹ̀, àfi ìrètí. A kì í gba ìrètí san gbèsè."

"Bí mo bá wá bu tirẹ̀ sáwo ńkọ́?"

"Ó ti di tirẹ̀. Ìyẹn la máa gbé."

"Bí àwo náà bá ṣì wà lórí tábìlì mi? Tí kò tiẹ̀ tíì tọ́ ọ wò?"

Arábìnrin Voigt dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Tirẹ̀ náà ni, mà."

Una rántí ìwé ìpín inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dọọdún, ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà tí ọdún owó-orí ń parí, bí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò náà ṣe ń ṣe kí owó-orí má baà gbé èrè ọdún mì, Garth a pe àwọn ọmọ jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Yóò ka orúkọ wọn sókè, yóò kọ ìpín kálukú nínú èrè náà, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì pa ìwé dé. Owó náà kì í kúrò nínú oko. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń fi í rà, tàbí katakata. Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. "Ìwé lásán ni," ni Garth máa ń wí. Una náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

Òní gan-an ni ọgbọ̀njọ́. Una kò tíì kọ ìpín tọdún yìí, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àtẹ̀yìnwá ni yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ.

Ó lè ní iná ti jó ìwé náà. Ààrò kò jìnnà. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Òun sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò ní ogún ọdún tí yóò fi sá fún òtítọ́. Ó gbé ìwé náà wá.

Arábìnrin Voigt kà á, kò yọ̀. "Ohun tó wà nínú ìkòkò, a ò lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún lẹ ti bù fún un níbí. Ìyẹn la máa gbà."

"Owó ọ̀hún ò sí mọ́, a ti fi ra ajílẹ̀ àti katakata. Ilẹ̀ etí òkun lọ nìyẹn," ni Una wí.

Denzil dìde. Ìyá rẹ̀ ń retí ìbínú. Ṣùgbọ́n ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé náà ni, ó ń wo ibi tí bàbá rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí.

"Mọ́mì, tèmi ni lóòótọ́?"

"O ò gbọ́ ohun tó wí ni?"

"Mo rò pé Dádì kàn ń fi orúkọ mi tan àwọn agbowó-orí jẹ ni. Mo rò pé mi ò ní nǹkan kan nílé yìí. Ìdí tí mo fi lọ yá owó ọkọ̀ nìyẹn, kí èmi náà lè ní tèmi."

Una fa ìwé tọdún yìí sọ́dọ̀, ó kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó kan orúkọ kẹta, ó gbé kálàmù sókè. Bí òun bá fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù fún ọmọ yìí, àfi kí òun má fún un ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Denzil ò tiẹ̀ wo ọ̀hún. Ó ń ṣí ti àtẹ̀yìnwá léwé-léwé, ó ń fi ìka wá orúkọ ara rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ń pe òun tipẹ́.