Fìlà Inú Bẹntiróòlù

Raheem àti Jibril ń lu ara wọn nítorí fìlà bàbá wọn, iná sọ, ó sì jó Fàthíà àbúrò wọn lọ́wọ́ nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì rẹ̀.

Ìgàndò ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́ lẹ́yìn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Irun ni Fàthíà ń dì ní Ìkòtún. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í fa èèyàn lórí, nítorí náà àwọn oníbàárà máa ń jókòó dè é. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ́dá, nítòsí ilé ọkọ tó ń lọ. Ó ní òun ò ní kúrò nílé ìjà kí òun tún lọ máa tọrọ owó ọbẹ̀ nílé ọkọ.

Ìjà ilé wọn kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, Raheem fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín Jibril, nítorí Jibril ní òun tí òun tọ́jú bàbá nígbà àìsàn ló yẹ kí òun gba fìlà rẹ̀. Raheem ni àkọ́bí, òun ló gbà á. Fìlà sányán ni. Ẹni tó bá dúró bí bàbá níbi yìgì ọmọ ilé náà ló máa ń dé e.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Jibril jí i dé lọ kí Jímọ̀. Ó ra àkàrà jẹ lọ́nà, ó sì fi ọwọ́ olóróró tún fìlà ṣe lórí. Nígbà tó ṣí i nílé, àmì ìka rẹ̀ ti dúdú síbi tí wọ́n ti máa ń ṣẹ́ ẹ.

Fàthíà wà ní kíṣìnnì, ó ń dín ẹran. Làálì ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Jibril, ẹ da páúdà lé e," ó ní. "Kó fa òróró yẹn mu, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n kúrò. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi aṣọ mú ìfófò ọṣẹ, kẹ́ ẹ máa fi nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá dé e lórí abọ́, kó gbẹ níbi òjìji. Bí Bàbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má rì í sómi o."

"Ìgbà wo ló máa wá gbẹ? Bọ̀ọ̀dá Raheem ti ń bọ̀."

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni."

"Kí wọ́n lè yọ eyín tó kù, àbí?"

Jibril ti rí i tí àwọn télọ̀ ń fi bẹntiróòlù yọ òróró máṣíìnì lára aṣọ. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń ṣe é. Àmọ́ ìta ni wọ́n ti ń ṣe é, owú kékeré ni wọ́n sì máa ń tì bọ̀ ọ́. Jibril da epo jẹnẹrétọ̀ sínú báàfù, ó ri fìlà sí i, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Fàthíà ní òórùn yẹn ti pọ̀ jù, kó gbé e jáde. Jibril ní òun ń gbé e lọ. Kò tíì gbé e tí Raheem fi wọlé.

Raheem wo inú báàfù.

"Fìlà ta nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń mọ́."

Raheem gbá a létí. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ó sì ń fi orí rẹ̀ lu ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Jibril bù ú jẹ lápá, kò sì tú eyín títí awọ fi bó.

"Èmi ni mò ń nu ìgbẹ́ Bàbá," ni Jibril wí, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù. Kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́. "Ìwọ wá ń dé fìlà."

"Olè. Máa ka iṣẹ́ tó o ṣe fún bàbá ẹ."

Raheem mú ọmọ odó, ó là á mọ́ ọn léjìká. Egungun dún. Jibril ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó fẹsẹ̀ gbá báàfù. Epo dà sílẹ̀, ó ṣàn lọ sábẹ́ gáàsì. Iná sọ bùlà.

Wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Raheem ṣì fún Jibril lọ́rùn. Fàthíà rò pé bí òun bá lè yọ fìlà yẹn, ìjà á tán. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú báàfù tó ń jó. Ó fà á yọ tiná tiná. Aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, kò ṣeé jù sílẹ̀.

Igbe rẹ̀ ló jẹ́ kí Raheem tú ọwọ́. Ó gbé omi, ó dà á síná, epo léfòó lórí omi, iná sì tẹ̀lé e dé pálọ̀. Hope, aládùúgbò wọn, ló sáré da iyanrìn sí i, òun náà ló sì fi aṣọ tútù pa iná ọwọ́ Fàthíà.

Àwọn èèyàn ní àdánwò ni. Kì í ṣe àdánwò. Bẹntiróòlù ni, àti ọkùnrin méjì tí wọn ò lè fara balẹ̀ da páúdà lé àbàwọ́n.

Wọ́n so yìgì náà ṣá. Ìyàwó wà ní ọsibítù. Fìlà tí Raheem yá lọ́wọ́ èèyàn ló dé, Jibril so apá kọ́ ọrùn. Àáfà sọ̀rọ̀ lórí sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dùn ún gbọ́.

Dókítà gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Fàthíà àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn ló fi ń pín irun, àwọn ló fi ń dì í. Ẹlòmíràn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Láràárọ̀ ni Fàthíà ń tọrọ owó ọbẹ̀.