Yàrá Mẹ́rìnlélógójì

"Mẹ́rìnlélógójì," ni bàbá wí, ó sì ti bébà náà sáàárín tábìlì. "Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Kò ṣeé ṣe, Injinía."

Ọmọ tó ń pè ní Injinía kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, iṣẹ́ afárá kíkọ́ ló sì fẹ́ lọ kọ́. Láti kékeré ló ti ń fi àfọ́kù táìsì ṣe afárá lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí, orúkọ náà kò dùn létí rẹ̀ rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Íńdíà ti kọ̀wé pé àyè wà fún un, ọ̀la sì ni ọjọ́ tí yóò fèsì mọ.

Onítáìsì ni bàbá. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé onílé, kò sì sí owó tó yé e tó yàrá, ìyẹn owó tó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ yàrá kan. Bí ẹ bá sọ iye bàtà kan fún un, yóò ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, yóò ní, "Ìyẹn ń lọ sí ìdajì yàrá." Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gbà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tí fóònù ń ka dọ́là níhìn-ín, tó ń ka yúrò lọ́hùn-ún, ó sọ gbogbo rẹ̀ di yàrá kí bàbá má bàa sọnù sójú ọ̀nà. Owó ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ àti ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún àkọ́kọ́, ó kó wọn pọ̀ sójú kan. Tí bàbá bá bọ́ ilé tán, tó san owó ilé, tó sì fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní tiwọn, yàrá méjìdínlógójì ló ń ṣẹ́ kù fún un lọ́dún. Gbogbo ohun tí wọ́n ní nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká tún un kà, Bàbá," ni ọmọ wí.

"Kà á."

"Kánádà, àádọ́jọ. Ọmọ onílùú ń san kékeré, àlejò ló ń san ńlá."

"Irú ìtọ́jú àlejò wo nìyẹn?" ni ìyá béèrè. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Jámánì, àádọ́rùn-ún."

"Ṣebí o ní ọ̀fẹ́ ni ti Jámánì?"

"Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wọn ò gba owó ẹ̀kọ́, Ìyá. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó tí màá fi gbé ibẹ̀ fún odindi ọdún kan sí báǹkì, kí wọ́n fojú rí i, kí wọ́n tó fún mi ní físà."

"Ọ̀fẹ́ tó ń gba àádọ́rùn-ún yàrá," ni bàbá wí. "Ọ̀fẹ́ náà lówó lọ́wọ́ o."

Ó kù ti ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tiwọn. Owó tirẹ̀ ló kéré jù, yàrá mẹ́rìndínlógún péré, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀kọ́ afárá níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtajà dípò. Bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò bí ọmọ òun fún "dípò". Bẹ́ẹ̀ Íńdíà nìkan ni ó dà bí ẹni pé ọwọ́ lè tó, ọwọ́ náà kò sì tó o.

"Íńdíà, mẹ́rìnlélógójì," ni ọmọ wí, ó sì gbé bébà náà sílẹ̀.

"Dúró ná," ni ìyá wí. Ó sún mọ́ tábìlì. "Ibo ni mẹ́rìnlélógójì ti wá? Ogójì ni mo kọ síbẹ̀."

Bàbá gbójú sókè. "Ìwọ kọ kẹ̀?"

"Èmi ni. Mo rí i pé pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ní ti fífọ́ ò tíì sí níbẹ̀. Ni mo bá fi kún un."

"Yéè!" Bàbá gbá orí ara rẹ̀ mú. "Èmi náà fi kún un!"

Òfin kan wà nínú ilé yẹn. Táìsì a máa fọ́. Òmíràn á fọ́ nínú ọkọ̀, òmíràn á fọ́ níbi tí wọ́n ti ń gé e sí kọ̀rọ̀ ilé. Nítorí náà, iye yòówù kí yàrá gbà, ẹ ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Ẹni tí kò bá fi lé e yóò tún ọjà lọ, kò sì dájú pé yóò bá irú èyí tó kọ́kọ́ rà. Iye tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ, ti fífọ́ ò tíì wọ inú rẹ̀. Tó bá ti wọ inú rẹ̀, báírò ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Tìyátọmọ ló mọ òfin náà bí ẹni mowó, torí ìyá ló ń kọ ìwé iye iṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀, ọmọ ló sì ń bá a ṣe ìṣirò. Àmọ́ báírò nílé yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti parí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá fi kún un ní Ọjọ́bọ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Bàbá rí pẹ́ńsù lọ́jọ́ Sátidé, òun náà fi kún un, ó tún fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

"Kí ni ìwọ gan-an kọ?" ni bàbá béèrè lọ́wọ́ ọmọ.

"Mẹ́rìndínlógójì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. "Mẹ́rìndínlógójì! Ìyá ọmọ mi, ó wọlé! Ó wọlé, yàrá méjì tún ṣẹ́ kù!"

Ìyá pàtẹ́wọ́. Ọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Bàbá sì jẹ́ ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ pé ilẹ̀ kan ò tẹ́jú.

"Ṣé ìwọ náà fi ti fífọ́ kún un ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Gbé fóònù ẹ. Ka èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ, kí o ṣírò rẹ̀ lójú mi."

Ọmọ kà á. Ó ṣírò rẹ̀. Ó pa á pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò kọjá ọgbọ̀n.

"Mẹ́fà yòókù dà?"

Ọmọ gbé fóònù sílẹ̀.

"Injinía, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Mẹ́fà dà?"

"Ti orúnkún yín ni."

Ìyá yíjú sí bàbá.

"Mo rí ìwé dókítà nínú àpò iṣẹ́ yín nígbà tí mò ń wá téèpù," ni ọmọ wí, omi sì ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Yàrá mẹ́rin ni ti dókítà àti oògùn. Méjì ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ní ẹ kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ ni mo fi mẹ́fà lé. Èyí tí kò bá lè gba èmi àti orúnkún yín pọ̀, mi ò lọ síbẹ̀."

"Ìwé dókítà wo?" Ohùn ìyá ti yí padà. "Bàbá Injinía, ìwé dókítà wo? Ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn," ni ọmọ bá a dáhùn.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ni bàbá pariwo. "Ta ní kí o fi orúnkún mi sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé mo sọ fún ẹ pé ó ń dùn mí ni?"

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni," ni ìyá wí. "Ẹ sọ fún mi pé otútù ni. Èmi tí mò ń fi omi gbígbóná bá yín jó o láràárọ̀! Oṣù mẹ́jọ!"

Bàbá fi ọwọ́ bo orúnkún rẹ̀. Ojú tì í. Inú rẹ̀ tún dùn, ó dùn débi pé ó ń dùn ún. Gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, ó rò pé òun ń gbé ẹrù náà pa mọ́ fún ọmọ, àṣé ọmọ ti bá a ru ú tipẹ́. Ó wo ọwọ́ kékeré tó kọ nọ́ńbà sórí bébà, ó sì rí i pé ọmọ yìí kò kéré mọ́.

"Ìyá ọmọ mi, má bínú," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tí mo bá lọ tọ́jú rẹ̀, owó ọmọ ló máa jẹ."

"Tí ẹ bá wá rọ, kí ni ọmọ máa jẹ?"

Bàbá mú fóònù tirẹ̀, ó sì wá nọ́ńbà kọntirakítọ̀ tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ilé alájà méjì, yàrá mẹ́sàn-án.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, ọ̀gá," ni bàbá wí. "Ẹ dákun, mi ò ní lè wá lọ́la. Rárá, kò sẹ́ni tó kú. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ, ó sì máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wá ẹlòmíràn." Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá àti ọmọ náà ń tẹ́tí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Owó ọ̀hún ńkọ́? Ẹ má yọnu, ọ̀gá. Ọmọ mi ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn."