Ìlà Minnesota

Lọ́dọọdún, nígbà tí yìnyín bá ti bo odò Missouri, ọ́fíìsì wa nílùú Pierre máa ń gbé ìwé kan jáde. Èmi ni mò ń kọ ọ́. Ìwé náà kò nípọn. Nínú rẹ̀ la ti ń fi South Dakota wé ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó yí wa ká: iye owó tó ń wọlé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́, iye àwọn tó ní ilé tara wọn, iye ọdún tí ènìyàn ń lò láyé. Ọ̀rọ̀ kan fún ojú ewé kan, ìlà méje. Tiwa ló máa ń wà lókè pátápátá, nítorí pé àwa la ni ìwé. Minnesota ló máa ń wà nísàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ yẹn ló sì ti ń na gbogbo wa.

Solveig, àbúrò mi, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an fún Minnesota, ní Saint Paul. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́rin kí òun tó yà sí i, bó ṣe máa ń yà sí gbogbo ohun tí mo bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Lára férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná Mọ́mì, àmì pẹ́ńsù tó fi ń wọn gíga wa ṣì wà níbẹ̀: B fún Britta, S fún Solveig, láti ọjọ́ ìbí kan dé òmíràn. Ọdún tí mo pé mẹ́tàlá ni S kọjá B, kò sì padà sísàlẹ̀ mọ́. Mọ́mì pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mọ́mì nìkan ni mo mọ̀ tó ń ka ìwé mi tán. Bí mo bá ti gbé e dé, yóò bu kọfí, yóò gé kuchen, àkàrà òyìnbó tó yan láàárọ̀, yóò wá fi ìka tọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ sísàlẹ̀ tààrà, láìdúró lórí tiwa.

"Minnesota yìí mà tún gbìyànjú o," ni yóò wí. "Á ti rẹ Solveig, ọmọ mi."

Bí ẹni pé Solveig ló ń kọ́ gbogbo ọmọ ibẹ̀ níwèé fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ìka Mọ́mì dúró lórí ìlà wa lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo rò pé mo ti rí i: ìṣẹ́jú tí ènìyàn ń lò lójú ọ̀nà láti ilé dé ibi iṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tiwa kéré sí ti Minnesota, ó sì kéré dáadáa. Mo sáré wọ yàrá Dwayne Kolbeck, ọ̀gá mi, tí kì í ṣí fìlà apẹja rẹ̀ kódà níwájú kọ̀ǹpútà.

"Dwayne, ẹ wò ó! A ti nà wọ́n!"

Ó wò ó, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Britta, àwọn èèyàn wa ò pẹ́ lójú ọ̀nà torí pé kò síbi tí wọ́n ń lọ."

"Ẹ ṣáà jẹ́ n fi sí i."

"Fi sí i. Tí wọ́n bá fi wá rẹ́rìn-ín, màá ní ìwọ ni."

Bí mo ṣe wọ mọ́tò mi nírọ̀lẹ́, mo pe Solveig. N kò tilẹ̀ kí i.

"O ti rí ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n?"

"Ojú ewé inú kí ni?"

"Inú ìwé wa. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ láàárọ̀ kó tó jáde."

"Áà, ìyẹn. Mi ò tíì ṣí i. Ṣé kò sí nǹkan? Mọ́mì ńkọ́?"

"Mọ́mì wà. Ní ti ọ̀nà ibi iṣẹ́, a nà yín. Lọ fi sínú ìwé tiyín kí ọ̀gá rẹ rí i."

Ó dákẹ́. Mo gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an, títí tó fi sọ̀rọ̀.

"Britta, ẹ ò sí nínú ìwé wa."

"Báwo?"

"A kì í fi ara wa wé yín. Massachusetts, Washington, Colorado, àwọn yẹn la máa ń wò. Wisconsin náà wà níbẹ̀, torí ìjà bọ́ọ̀lù tó wà láàárín wa." Ó rẹ́rìn-ín. "Má bínú o. Ṣé o rò pé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń bá ẹ ṣeré ni."

Mo jókòó sínú mọ́tò títí èémí mi fi bo gíláàsì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá a sáré, òun kò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun. Mo rí i lójú inú mi, nínú kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ wáìnì, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gíga, tí àwọn ará Massachusetts ń pè é lórúkọ. Mo jowú rẹ̀ débi pé eyín ń ro mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ Minnesota kúrò nínú gbogbo ojú ewé.

"Wọn ò jọ wá," ni mo sọ fún Dwayne. "Ìlú ńlá wọn ti tóbi jù."

"Ṣé Solveig ló bí ẹ nínú?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ó dáa. Ipò wa á tiẹ̀ gòkè sí i." Ó ṣí ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. "Àmọ́ ta la wá nà níbí báyìí?"

Mo bá a pa ojú ewé náà dé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ìwé náà lọ fún Mọ́mì. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó bá Wyoming pàdé nísàlẹ̀. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Minnesota dà?"

"A yọ ọ́, Mọ́mì. Kò bá wa mu mọ́."

"Hùn-ún." Ó ti abọ́ kuchen sọ́dọ̀ mi. "Jẹun."

Ní ọjọ́ Furaidé tó tẹ̀ lé e, mo yà níbẹ̀ láti ibi iṣẹ́, bí mo ṣe máa ń yà lójoojúmọ́. Ìwé náà wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀. Lábẹ́ Wyoming, lójú ewé kọ̀ọ̀kan, Mọ́mì ti fi pẹ́ńsù kọ Minnesota sí i, pẹ̀lú iye tó tọ́ sí i.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Mi ò lè ka ìwé tí ọmọ mi kan ò sí nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Solveig fi kà á fún mi lórí fóònù. Mo ní kó mú ìwé tiwọn náà wá, kí n kọ tìrẹ sí i."

Mo ṣí ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. Lábẹ́ Minnesota, ó ti fi ìlà méjì kún un: *Britta, ìṣẹ́jú méje. Solveig, wákàtí mẹ́fà.* N kò bi í léèrè ilé ta ni ọ̀nà náà já sí; tirẹ̀ ni. Mo gbé ìka lé orúkọ mi.

"Èmi ni mo gba ipò kìíní níbí, Mọ́mì."

"Ìwọ mà ni!" Ó pàtẹ́wọ́. Ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ fò sókè, ó bà lé àyà mi. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn bí ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn náà ló wo aago. "Solveig ní òun ti kọjá Huron. Ó ń mú ìwé náà bọ̀."

Láti Huron sí ibí, ó kù tó wákàtí méjì. Síbẹ̀ Mọ́mì ti bọ́ épíróònù, ó ti gbé àga lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ojú ọ̀nà. N kò rí i níbẹ̀ rí nígbà tí èmi bá ń bọ̀.

Mo mú pẹ́ńsù rẹ̀. Lábẹ́ ìlà rẹ̀ méjèèjì mo kọ òmíràn, kékeré: iye àkókò tí Mọ́mì fi ń wọ̀nà fún wa. Mo kọ wákàtí méjì síwájú orúkọ Solveig. Mo gbé pẹ́ńsù náà síwájú orúkọ mi, mo sì fi í síbẹ̀ láìkọ nǹkan kan títí iná mọ́tò fi tàn lára ògiri, tí Mọ́mì fò dìde.