Àga Mi Ń Lọ sí Àjà Keje

3

…torí náà, ẹni tó wà lókè kì í kọ́kọ́ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ilé alájà méje ni ilé iṣẹ́ wa, ipò ẹni sì ni àjà ẹni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àti agbálẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà wà ní àjà keje, lókè téńté, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì wà. Bí wọ́n bá gbé èèyàn ga, wọ́n á gbé àga rẹ̀ sínú lífìtì, òun náà á wọlé tì í, a ó sì máa pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀kùn á fi pa dé.

Obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní àjà kẹta. Kì í ṣe èmi. Mo kàn mọ̀ ọ́n dáadáa ni.

(Nọ́ńbà tó wà lókè ìpín kọ̀ọ̀kan, àjà tó wà nígbà náà ni. Ẹ máa fojú bá a lọ.)


3

ÀWỌN OHUN TÓ TI ṢE KÍ WỌ́N LÈ GBÉ E GA

— Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà Ọ̀gá Àgbà kí Ọ̀gá Àgbà tó dá a tán.

— Ó ra irú bàtà tí ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ń wọ̀. Bàtà náà fún un lẹ́sẹ̀. Ó ní kò fún òun.

— Ó kí ajá Ọ̀gá Àgbà kú oríire ọjọ́ ìbí.

— Ó ní iṣẹ́ tí òun ṣe, Ọ̀gá Àgbà ló ṣe é. Wọ́n gbà á gbọ́.

— Ó ń fẹ́ ẹnì kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.


ÌSÀLẸ̀

Atún-lífìtì-ṣe ni ẹni tó ń fẹ́. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ó ní yàrá kótópó kan lẹ́yìn lífìtì, tó kún fún okùn irin, òróró, àti kẹ́tù tó fi ń se tíì. Ó fẹ́ràn ara rẹ̀ díẹ̀. Ó gbà pé bí òun bá fi ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lónìí, á wó lọ́la. Àmọ́ ó máa ń pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín títí tíì á fi gba imú rẹ̀ jáde.

Ọ̀sán ni obìnrin náà máa ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Tó bá pàdé rẹ̀ ní gbàgede, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

ẸNJINÍÀ: O ò kí mi láàárọ̀ yìí.

OBÌNRIN: Èèyàn pọ̀ níbẹ̀.

ẸNJINÍÀ: O dá ẹ̀ṣọ́ lóhùn. O tún kí òdòdó tó wà nínú ìkòkò. Mo rí ẹ.

OBÌNRIN: Ọ̀gá Àgbà ló gbin òdòdó yẹn.

ẸNJINÍÀ: Ọjọ́ wo lo máa wá kí èmi?

OBÌNRIN: Jẹ́ n dé àjà keje ná. Ta ló máa bi mí léèrè nígbà yẹn?


3

ÀTẸ̀JÍṢẸ́

OBÌNRIN: Ọ̀la ni wọ́n máa yan Olórí Ẹ̀ka tuntun. Àyè àga kan ló ṣófo lókè.

OBÌNRIN: Ọ̀gá Àgbà kì í gbọ́ tẹni. Àfi tí kò bá ríbi sá sí.

ẸNJINÍÀ: Ibo ni kò ti ní ríbi sá sí?

OBÌNRIN: Inú lífìtì.

ẸNJINÍÀ: Háà.

OBÌNRIN: Dá a dúró díẹ̀ ni. Kí n ṣáà ráyè ṣàlàyé ara mi.

ẸNJINÍÀ: Wọ́n lè lé mi o.

OBÌNRIN: Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

ẸNJINÍÀ: Ìwọ lo fẹ́ jẹ oyin. Àáké tèmi ni.

ẸNJINÍÀ: Ó dáa. Torí tìẹ.


4½

Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú fóònù lífìtì, bí ẹni tó gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀:

OBÌNRIN: Ẹ káàárọ̀ sà. Ó jọ pé lífìtì ti dúró.

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Ó dúró? Báwo ló ṣe máa dúró?

OBÌNRIN: Mo fẹ́ fi àyè yìí sọ̀rọ̀ nípa ètò ọlọ́dún márùn-ún tí mo—

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Afẹ́fẹ́ ti ń tán.

OBÌNRIN: Afẹ́fẹ́ wà, sà. Ní ìpele àkọ́kọ́—

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Yéè! Màámi o! Màámi, ẹ gbà mí!

OBÌNRIN: …Sà?

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Di ọwọ́ mi mú. Má fi sílẹ̀ o. Mo ní má fi sílẹ̀!

(Ẹkún. Ẹnì kan fọn ikun.)

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Ta ló ń tún nǹkan yìí ṣe gan-an? Ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn, tó máa ń súfèé kiri. O mọ̀ ọ́n?

OBÌNRIN: Èmi kẹ̀, sà? Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

(Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Kì í ṣe inú lífìtì ni ìmí náà ti wá.)


4½

Lífìtì gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó sáré ju bó ṣe yẹ lọ.


7

ÌKÉDE

Inú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ dùn láti kéde ìgbéga òṣìṣẹ́ wa kan sí ipò Olórí Ẹ̀ka Ètò Òṣìṣẹ́, nítorí ìfarabalẹ̀ rẹ̀, ìwà àgbà tó ní, àti ọwọ́ rẹ̀ tó dúró ṣinṣin.

Lífìtì kò ṣiṣẹ́ lónìí. Àtẹ̀gùn ni àga máa gbà. Kí oníkálukú pàtẹ́wọ́ ní àjà tó bá wà.


7

Ọ̀gá Àgbà pè é wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ, àbí?" Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdánwò tó yege nínú rẹ̀ nìyẹn. Ètò ọlọ́dún márùn-ún ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i wò.

Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Inú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé inú rẹ̀.


7

FÓÒNÙ LÁTI ILÉ

ÌYÁ RẸ̀: Àjà keje! Ayé ń gbọ́! Ṣé o ń rí ilé wa láti ibẹ̀?

OBÌNRIN: Mi ò tíì ráyè wo ìta, Màámi.

ÌYÁ RẸ̀: Ọkọ wá ńkọ́? Àbí àtẹ̀gùn lòun náà ń gùn bọ̀?

OBÌNRIN: Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ni mò ń lé.

ÌYÁ RẸ̀: Máa lé e, ọmọ mi. Àmọ́ tó o bá lé e bá, ṣé òun lo máa bá jẹun?


ÌSÀLẸ̀

ÌWÁDÌÍ

OLÙWÁDÌÍ: Ta ló ní kó o dá lífìtì dúró?

ẸNJINÍÀ: Kò sẹ́ni.

OLÙWÁDÌÍ: Kí ló wá dá a dúró?

ẸNJINÍÀ: Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

OLÙWÁDÌÍ: Ó rẹ lífìtì?

ẸNJINÍÀ: Ẹ̀yin náà ẹ máa ru àwọn ọ̀gá yín gòkè sọ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ wò ó.


7

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá lórí tábìlì rẹ̀:

*A fi lẹ́tà yìí yọ atún-lífìtì-ṣe níṣẹ́ nítorí àìbìkítà tó fi ẹ̀mí Ọ̀gá Àgbà wewu. Olórí Ẹ̀ka Ètò Òṣìṣẹ́ ni yóò buwọ́ lù ú, òun náà ni yóò sì fi lé e lọ́wọ́ ní gbàgede, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.*

*Ìbuwọ́lù:*


7

ÀTẸ̀JÍṢẸ́

OBÌNRIN: Ṣé o dárúkọ mi fún wọn?

ẸNJINÍÀ: Rárá.

OBÌNRIN: O ṣeun, olówó orí mi.

ẸNJINÍÀ: Olówó orí ẹni tí kò mọ̀ mí rí?

OBÌNRIN: Kí ni kí n sọ nígbà yẹn? Ọwọ́ mi ni Ọ̀gá Àgbà dì mú!

ẸNJINÍÀ: Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Lífìtì pọ̀ nílùú. Tó o bá ń gbé lẹ́tà yẹn bọ̀, kí mi kó o tó fún mi. Níwájú gbogbo wọn. Kí mi bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó ń fẹ́.

OBÌNRIN: Tí mo bá kí ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ní kó o dá a dúró. Ipò yìí á bọ́.

ẸNJINÍÀ: Ẹn-hẹ́n.

ẸNJINÍÀ: Tó ò bá sì kí mi, má pè mí mọ́.


7

ÌKÉDE PÀJÁWÌRÌ

Láti òní lọ, ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà ti ṣí lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí Ọ̀gá Àgbà fẹ́ máa wà nítòsí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò kan lífìtì rárá.


7

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọ̀gá ti ń gbé àga sọ̀kalẹ̀. Olórí Ìnáwó ru tirẹ̀ lórí. Olórí Ìpolówó ní láti kékeré lòun ti fẹ́ràn ìsàlẹ̀. Àwọn méjì wọ̀yá ìjà nítorí yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Wọ́n ní kí agbálẹ̀ máa lọ sí àjà kẹfà, kí wọ́n lè ráyè. Agbálẹ̀ náà fọwọ́ sí ìbàdí, ó ní òun ò lọ, ta ló máa gbé òun ga láìṣẹ̀ láìrò?

Ó ku ẹyọ ènìyàn kan lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó dá jókòó lórí àga tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ gbé gòkè, kò sẹ́ni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ àfi àwọn tó ga jù ú lọ.

Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ni. Ẹ ṣáà ti mọ̀.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo sì fẹ́ràn ipò yìí. Ẹ má retí kí n purọ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́.


6

Mo ti buwọ́ lù ú.


5

Irọ́ ni, mi ò tíì buwọ́ lù ú. Bírò ló wà lọ́wọ́ mi.


4

Tí wọ́n bá lé mi, kí ni màmá mi máa sọ fáwọn tó ti pè kí wọ́n wá bá a yọ̀?


3

Ẹlòmíì ti jókòó sáyè mi. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán.


2

Mo bọ́ bàtà.


1

Mò ń gbọ́ ohùn wọn.


ÌSÀLẸ̀

Àga kún gbàgede débi pé kò síbi tẹ́sẹ̀ á gbà. Gbogbo ọ̀gá jókòó, orúnkún sí orúnkún. Ẹnjiníà dúró síwájú ilẹ̀kùn lífìtì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó ti fá irùngbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, aláṣejù. Ilẹ̀ ló ń wò. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi. Orúnkún mi kan ti ń tẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn ló dá a lágara.

Ọ̀GÁ ÀGBÀ: Olórí Ẹ̀ka, ìwọ la ti ń dúró dè. Fún un, kó máa lọ.

(Gbogbo wọn yíjú sí mi.)

ẸNJINÍÀ: (Ó gbójú sókè.)

ÈMI: (Mo kọjú sí Ẹnjiníà.) Ẹ kú—